Ọmọ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Rí ní Dùgbẹ̀

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ó ti pẹ́ tí èmi àti òwe yìí ti ń bára wa fà á. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á, mo fẹ́ bi í: ta ni ẹ ń wò? Ọmọ ta ni? Ìyá rẹ̀ ńkọ́, níbo lẹ fi í sí nígbà tí gbogbo yín dúró tí ẹ ń wòran? Bí onítọ̀hún bá ti kú tí kò lè dá mi lóhùn, kí àwọn tó ń pa á títí di òní dá mi lóhùn. Mo ti dàgbà débi pé mo lè bínú bó ṣe wù mí, kò sì sí ẹni tó máa ní kí n fọwọ́ wọ́nú.

Ilé wa wà ní Bódìjà, nígbà tí Bódìjà ṣì jẹ́ tuntun, tí ọ̀dà ṣì ń rùn lára ògiri, tí igi tí a gbìn ṣe ọgbà kò tíì ga ju orúnkún lọ. Òmìnira kò tíì pẹ́, ara gbogbo èèyàn ń yá gágá. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, èmi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ó wọ mọ́tò kékeré wa, a ó gba ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi lọ, ẹni tó bá rí wa á ní ayé yẹ wọ́n. Lójú ọkọ mi, "ẹ" ni mo máa ń pè é, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé nìyẹn. Nínú ìtàn yìí, "ó" ni mo máa pè é, nítorí pé lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, kò ṣe ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pe èèyàn ní "wọ́n".

Àwọn ọmọkùnrin wa méjì wà nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Àkọ́bí wa, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló kù lọ́dọ̀ wa, nítorí kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á. Lónìí wọ́n ti ní orúkọ fún irú rẹ̀. Ọ́tísíìmù ni àwọn ọmọ-ọmọ mi kọ́ mi láti máa pè é. Nígbà tiwa, orúkọ méjì ló wà nílẹ̀, wèrè àti dìndìnrìn, kí kálukú mú èyí tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọmọ mi kì í ṣe wèrè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe dìndìnrìn. Tó bá gbọ́ ìròyìn lẹ́ẹ̀kan nínú rédíò, ó lè kà á padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tí akàròyìn ti wúkọ́. Ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n. Ó lè dúró ti ẹ̀rọ omi láti àárọ̀, kó máa wo omi tó ń já bọ́, kó máa rẹ́rìn-ín sínú, inú tèmi náà á sì dùn. Ariwo ni kò lè gbà mọ́ra, àti kí èèyàn ṣàdédé fọwọ́ kàn án. Orí rẹ̀ ló wá burú jù. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan orí rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n da omi gbígbóná sí i lára ni. Èmi tí mo bí i pàápàá, ìgbà tó bá sùn wọra ni mo máa ń fi àlùmọ́gàjí rẹ́ irun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kì í sùn dáadáa, irun náà sì ti ga.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Ọmọ mi kì í wo ojú àgbà. Kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ti àgbà ni wọ́n ń rí. Gbogbo wọn á máa yìn mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Ìyá ọmọ, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kọ́ ọmọ yìí, kì í ranjú mọ́ àgbà." N ó ní, "Ẹ ṣé o." Kí ni kí n wí? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn kan náà á kí i, kò ní í kúnlẹ̀, kò ní í fèsì, wọ́n á ní ọmọ yìí yájú, kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ kan náà ni, orí kan náà ló gbé wá.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà òyìnbó kan. Ó wò ó, ó kọ nǹkan, ó wá yíjú sí mi, ó ní ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ láti kékeré, tí ara rẹ̀ tutù sí ọmọ, ló máa ń fa irú èyí. Èmi! Èmi tí mo pọ̀n ọ́n títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń gbá mi ní orúnkún, nítorí pé ẹ̀yìn mi nìkan ló ti ń rí oorun sùn. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo dìde, mo ní, "O ṣé, dókítà." Mi ò ní "Ẹ ṣé." Òun ò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n, ara sì tù mí díẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dé láti ìlú wọn lọ́nà Ọ̀yọ́. Àgbà ilé ni wọ́n, Ìyá wa ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ká ní wọ́n burú ni, ǹ bá ti mọ ibi tí mo máa gbà mú wọn. Wọ́n kó iṣu wá, wọ́n kó gàrí wá, wọ́n gbàdúrà sórí ọmọ, wọ́n wá ní ìdílé ti pàdé, wọ́n sì ti fohùn ṣọ̀kan. Ọmọ máa bá wọn lọ lọ́jọ́ Sátidé. Oníṣègùn kan wà ní abúlé kan nítòsí ìlú wọn tó ń wo irú rẹ̀ sàn.

Mo mọ ibẹ̀. Mo ti bá wọn ṣọdún nílé rí, mo sì ti gba ẹ̀yìn ọgbà oníṣègùn náà kọjá. Ṣẹkẹṣẹkẹ ni wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ èèyàn mọ́ ìtì igi níbẹ̀, ẹgba ni wọ́n sì fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ọmọ mi tí kò lè gbà kí a fọwọ́ kan irun òun!

Mo ní kò ní í ṣẹlẹ̀. Ìyá wa wò mí tìyanutìyanu. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ta ló bi ọ́? Ọmọ kì í ṣe ti ìyàwó, ti ìdílé ni." Mo yíjú sí ọkọ mi. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní a ti gbìyànjú gbogbo nǹkan, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú èyí náà. Gbogbo nǹkan wo? Ta ló gbìyànjú wọn? Èmi ni mo ń mú ọmọ kiri, òun ń wo bàtà.

Ọjọ́ Jímọ̀, tí Sátidé ku ọ̀la, èmi wà nílé ẹ̀kọ́, ọkọ mi wà lọ́fíìsì. Ìyá wa wo orí ọmọ, wọ́n ní orí tó rí wúruwùru báyìí kò ṣeé gbé wọnú mọ́tò, àwọn èèyàn á ní kò lẹ́nìkan. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó sẹ́yìn ilé, wọ́n mú òòyà àti àdí, wọ́n fa ọmọ mọ́ra, wọ́n há a mọ́ àárín orúnkún bí wọ́n ṣe ń há gbogbo ọmọbìnrin ilẹ̀ wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dì í ní ṣùkú. Àwọn fúnra wọn ló ròyìn rẹ̀ fún mi nígbà tí mo dé. Wọ́n ní ó ké, àwọn ò dá a lóhùn, ṣebí kò sí ọmọ tí kì í ké tí wọ́n bá ń di irun fún un. Wọ́n ní nígbà tí àwọn dì í dé ìdajì, ó bu àwọn jẹ ní itan, ó fo igi ọgbà, ó sì sá lọ. Wọ́n gbé ìró sókè, wọ́n fi ojú eyín hàn mí. Wọ́n ní, "Wò ó fúnra rẹ, ìyàwó. Ṣé ọmọ tí orí rẹ̀ pé ló ń bu èèyàn jẹ?"

Mo ní, "Ìyá wa, láti ìgbà wo ló ti lọ?"

Wọ́n ní ó ti ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jìnnà, ebi á dá a padà. Wọ́n ti jẹun ọ̀sán. Abọ́ wà níwájú wọn. Háà! Ọmọ jáde lọ sí ìgboro Ìbàdàn pẹ̀lú igbe lẹ́nu, wọ́n jókòó, wọ́n jẹun, wọ́n sì fọ ọwọ́!

Mi ò bá wọn jà. Ó ń dùn mí títí di òní pé mi ò bá wọn jà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò sí àyè. Mo sáré lọ bá ọkọ mi lọ́fíìsì, mo fà á jáde láàrin àwọn èèyàn rẹ̀, a wọ mọ́tò. Mò ń bẹ̀rù mọ́tò tó ń sáré, mò ń bẹ̀rù ojú irin, mò ń bẹ̀rù odò Ògùnpa, mò ń bẹ̀rù ọkùnrin. Lábẹ́ gbogbo ẹ̀rù yẹn, òmíràn tún wà. Tí a kò bá rí i, mo pàdánù ọmọ. Tí a bá rí i, Ìyá wa ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́, Sátidé ò sì ní í yẹ̀.

A yí gbogbo Bódìjà ká. Mègádì kan tó jókòó sẹ́nu géètì ní òun ò rí ọmọ kankan. A gba apá Agbowó lọ, oko ló pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà náà, àwọn tó ń roko ní àwọn ò rí ọmọ. A yí padà sí Mọ́kọ́lá. Mò ń yọ orí lójú fèrèsé mọ́tò, mò ń bẹ̀bẹ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ọmọbìnrin kan tó gba ibí? Ó ga, ó pupa díẹ̀, aṣọ àdìrẹ ló wọ̀." Wọ́n á ronú, wọ́n á bi ara wọn léèrè. Wọ́n á ní, "Rárá o, a ò rí ọmọ kankan. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ rí i." Àdúrà pọ̀ lẹ́nu wọn. Mo ṣe àmín, àmín, títí tí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Mo ní kí a lọ sí Dùgbẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin tó ń dúró níbẹ̀ máa ń dùn mọ́ ọmọ náà nínú. Mo sọ̀ kalẹ̀ nítòsí ọjà, mo bi ìyá kan tó ń ta ọsàn bíbó. Ó kà mí sí, ó dá iṣẹ́ dúró, ó sọ̀bẹ kalẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Áà, mi ò rí ọmọ o, ìyá. Láti àárọ̀ ni mo ti wà níbí." Mo dúpẹ́. Mo ti yí ẹ̀yìn padà tán nígbà tí mo gbọ́ tí ó ń bá aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta ẹ̀pà sọ̀rọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe, wọ́n ń parí ọ̀rọ̀ tí mo wá já lẹ́nu wọn. Ó ní, "Bí mo ṣe ń sọ fún ọ, wèrè àárọ̀ yìí, ọmọdé ni. Irun apá kan wà ní dídì, apá kan fẹ́ bí àkísà. Ó di etí méjèèjì, ó ń ka ìròyìn bíi rédíò!"

Mo padà, mo ní, "Ìyá, wèrè tí ẹ ń sọ yẹn, ibo ló gbà?"

Ó ní, "Òun kẹ̀? Ọ̀nà Òkè-Àdó ló gbà lọ."

Mo ní, "Èmi ni mo bi yín ní ìṣẹ́jú yìí, tí ẹ ní ẹ ò rí ọmọ kankan."

Ó wò mí, kò sí àrífín kankan lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ lẹ bi mí. Ẹ ò bi mí ní wèrè."

Kò purọ́. Ó ń là mí lóye ni. Láàrin wa, obìnrin tó bá tú irun sílẹ̀ jáde, bí kì í bá ṣe pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, orí rẹ̀ ni ò pé. Tó bá wá di apá kan, tó fi apá kan sílẹ̀, tó ń sáré, kò sí ẹni tó máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo Mọ́kọ́lá ló rí ọmọ mi. Gbogbo àwọn tó ń gbàdúrà fún mi ló ti rí i, wọ́n tilẹ̀ ti yà fún un lọ́nà. Ojú wọn rí i, wọn ò kà á mọ́ ọmọ. Wọ́n kà á mọ́ nǹkan tó kọjá. Orí yẹn, ọwọ́ ìdílé ló ṣe é, pẹ̀lú òòyà, pẹ̀lú àdí, kí àwọn èèyàn má baà sọ pé kò lẹ́nìkan!

Mo padà sínú mọ́tò. Láti Dùgbẹ̀ lọ, mi ò bèèrè ọmọ mọ́. N ó yọ orí jáde, n ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí wèrè kan tó gba ibí kọjá?" Ẹ wá wo bí àwọn èèyàn ṣe ń dáhùn! Kò sẹ́ni tó ronú. Ọwọ́ wọn ti nà kí n tó sọ tán. "Ó gba ìsàlẹ̀." "Ó ti yà sí títì ńlá." Ẹnì kan tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ ní Òkè-Àdó ní, "Ọmọge wèrè yẹn? Ó mà ń sáré o." Àwọn ọmọ kan ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kan nínú wọn di etí rẹ̀, ó ń sáré fìrìfìrì, ó ń fi bó ṣe sáré hàn mí, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀, wọ́n kí mi dáadáa kí wọ́n tó ṣe é.

Ọkọ mi ní, "Má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Kí ni kí n pè é? Ẹ sọ nǹkan tí wọ́n á fi rí i, n ó pè é bẹ́ẹ̀."

Ó ń wa mọ́tò lọ. A gba Ring Road, títì tuntun tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri, tí oòrùn ń jó lórí rẹ̀, mò ń wo ọ̀dà náà, mò ń ronú pé ọmọ mi kò wọ bàtà.

Ní Challenge la ti rí i. Ọgbà mẹkáníìkì kan ni. Wọ́n ti fi ìró obìnrin kan so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò láyà, wọ́n ní kí ó má baà kó sábẹ́ mọ́tò. Wọ́n gbé ẹ̀kọ àti omi síwájú rẹ̀. Ẹ ò rí i bí àwọn èèyàn mi ṣe dára tó? Wọ́n so ó, wọ́n sì gbé oúnjẹ fún un. Àwọn tó wà níbẹ̀ yí i ká, wọ́n ń wò ó. Ó ń mi ara síwá sẹ́yìn, ó ń ka ìròyìn kan náà léraléra, ojú rẹ̀ ti wú, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ mi kò sọ̀ kalẹ̀. Mo rí ìdí rẹ̀. Ẹnì kan tí à ń bá jọ́sìn, díákónì kan, dúró níbẹ̀, mọ́tò rẹ̀ ló gbé wá fún àtúnṣe. Ọkọ mi fi fìlà bojú, ó di ìdarí mọ́tò mú, kò pa ẹ́ńjìnnì. Bàbá ọmọ nìyẹn o. Ọmọ rẹ̀ wà ní síso bí àgbò Iléyá, ó ń ro ohun tí díákónì máa sọ.

Ọ̀gá mẹkáníìkì ní, "Ìyá, ta ló ni wèrè yìí?"

Mo ní, "Èmi ni mo bí i."

Ó wo aṣọ mi, ó wo bàtà mi, kò fẹ́ gbà á. Ó tún wo mọ́tò. Ó ní, "Bàbá tó wà nínú mọ́tò yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Dẹ́rẹ́bà mi ni."

Mo sọ ọ́ kí ó gbọ́, ó sì gbọ́. Fèrèsé mọ́tò wà ní ṣíṣí. Inú mi dùn pé ó gbọ́.

Mi ò tú ọmọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí tí mo bá fọwọ́ kàn án ní irú àkókò yẹn, àyà rẹ̀ á tún já. Mo ní kí gbogbo wọn jọ̀ọ́ sún sẹ́yìn. Wọn ò sún. Mo wá pariwo mọ́ wọn bí mo ṣe ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n sún. Mo jókòó sílẹ̀ nínú epo mọ́tò, níwọ̀n ibi tí ó ti lè rí mi, mo kọjú síbòmíràn, mi ò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ pé, "Ẹ wò ó, wèrè náà ti ń ran ìyá pàápàá." Mo jẹ́ kó máa wí. Ó pẹ́. Ìròyìn tí ọmọ ń kà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá, ilé." Mo tú ìró náà láìfọwọ́ kan ara rẹ̀. Ó dìde, ó rìn lọ sínú mọ́tò fúnra rẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Díákónì ti rí gbogbo wa. Ó kí ọkọ mi. Ọkọ mi kí i padà.

Nígbà tí a délé, Ìyá wa wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣọpẹ́, wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, omi gidi ló ń bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku orúnkún wọn, wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ti fojú ara yín rí i báyìí. Mo ti bá onítáásì sọ̀rọ̀. Àárọ̀ ọ̀la." Mo wo ọkọ mi. Bàtà ló tún ń wò. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé kò sí ẹni tó máa gbà mí, mo sì mú ọmọ lọ sùn.

Àárọ̀ Sátidé, táásì dé. Oòrùn ti yọ, gbogbo Bódìjà ti jí, ẹni kan ń fọ mọ́tò rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé ń ṣí fèrèsé. Ìyá wa ti di ẹrù ọmọ sínú àpótí, wọ́n gbé e síwájú ilé. Mo wọ yàrá lọ. Mo bọ́ gèlè. Mo tú gbogbo irun orí mi, ìyẹn irun tí mo di lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mo fi ọwọ́ yọ ọ́ sókè títí tó fi fẹ́ kálẹ̀. Mo bọ́ bùbá, mo ró ìró mọ́ àyà. Mo bọ́ bàtà. Mo jáde sí gbangba bẹ́ẹ̀, èmi tíṣà, èmi ìyàwó ọ̀gá, mo dúró níwájú táásì, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí.

Mo ní, "Dẹ́rẹ́bà, wèrè méjì lo máa gbé lónìí. Ẹ lọ sọ fún oníṣègùn kó rọ ṣẹkẹṣẹkẹ kejì."

Ìyá wa sáré jáde. "Ìyàwó! Orí ẹ dà rú ni? Wọlé! Àwọn èèyàn ń wò!"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò, Ìyá wa. Ṣebí ó dùn ún wò."

Wọ́n di ìró mi mú, mo já ara mi gbà. Mo pariwo. Ohùn tí mo ti fi pa mọ́ láti ọdún tí mo ti bí ọmọ yẹn, gbogbo rẹ̀ ló jáde. Mo ní, ẹ̀yin ará Bódìjà, ẹ jáde o, irun ni wọ́n fi ń mọ wèrè, ẹ wá wo tèmi! Ẹni tó ń fọ mọ́tò gbé kànìnkànìn dání, kò lè fọ̀ ọ́ mọ́. Onítáásì ń bẹ Ìyá wa pé òun ò lè gbé irú ẹrù yìí, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ. Ìyá wa wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, gbogbo fèrèsé ló ní ojú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò káàánú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n sọ pé mo káàánú wọn.

Ìgbà yẹn ni ọkọ mi jáde, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Ó gbé àpótí ọmọ náà, ó dá a padà sínú ilé. Ó tún jáde, ó gbé ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn táásì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ. Ọmọ ò lọ."

Wọ́n ní, "Nítorí ìyàwó tó ya wèrè?"

Ó ní, "Ọmọ mi ni. Ìyàwó mi ni." Ó sọ ọ́ sókè, gbogbo àdúgbò gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti sọ ní Challenge ni. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì retí ọpẹ́.

Ìyá wa lọ, wọ́n sì ròyìn. Wọ́n sọ fún gbogbo ìdílé pé àwọn ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ọmọ, ìyá rẹ̀ ni orí rẹ̀ dà rú. Gbogbo wọn gbà á gbọ́. Kò sí ẹni tó tún ránṣẹ́ sí ọmọ mi mọ́, kò sí ẹni tó tún ní kí a mú un lọ síbì kankan. Ó dàgbà nínú ilé mi, ó sì wà lọ́dọ̀ mi di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nílùú ọkọ mi, tí wọ́n bá ní "wèrè Ìbàdàn", èmi ni wọ́n ń bá wí, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá dé ibẹ̀ tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń jẹ́ ẹ.